Àlejò Mọ́kànlélógún Tí Mo Pa Nínú Ààfin

Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀, mo pa àlejò mọ́kànlélógún nínú ààfin ọba. N kò fi ọ̀bẹ pa wọ́n, n kò sì fún wọn ní májèlé jẹ. Afárá ni mo yọ lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ni gbogbo wọn bá já sómi. Wọ́n ju apá títí, wọ́n rì, ìkéde wọn sì ń kọjá nísàlẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà bí ìkéde òkú orí rédíò: Àlejò 57 ti kú sómi. Àlejò 112 ti kú sómi. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi méjèèjì tí wọ́n jókòó tì mí dákẹ́ lọ gbári. Èyí àbúrò ló kọ́kọ́ fọhùn. Ó ní, "Tọ́ńtọ̀n, ṣé àwọn ọlọ́pàá ò ní í wá báyìí?"

Kí ẹ tó bá a pe ọlọ́pàá, ẹ jẹ́ kí n rojọ́ tèmi.

Ìfọ̀nyìn ni mo ń gbé, ìlú tí ìjọba Benin ń kọ ní Ifangni. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà Ìgolò, níbi tí mo ti ń bá èèyàn tẹ̀wé, tí mo ń ya fọ́tò pélébé, tí mo sì ń ṣe fotokópì. Ìgolò ni ẹnubodè wa; bí o bá sọdá, o ti dé Ìdí-Ìrókò ní Nàìjíríà nìyẹn. Ṣùgbọ́n nínú oṣù kẹjọ ọdún yẹn ni Nàìjíríà ti ẹnubodè pa. Àwọn awakọ̀ tí ń ṣe fotokópì ìwé ọkọ̀ lọ́dọ̀ mi ò wá mọ́. Àwọn oníṣòwò ò wá mọ́. Ẹ̀rọ fotokópì mi jókòó, èmi náà jókòó, a ń wo ara wa. Àsìkò yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi kó àwọn ọmọ rẹ̀ wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi, ó ní kí n kọ́ wọn ní kọ̀ǹpútà. Tọ́ńtọ̀n ni wọ́n ń pè mí.

Eré kan wà nínú kọ̀ǹpútà àlòkù tí mo rà, RollerCoaster Tycoon lorúkọ rẹ̀. Ọdún 1999 ni Chris Sawyer, ọmọ Skọ́tílándì, gbé e jáde. Òun nìkan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá gbogbo rẹ̀ kọ, ní èdè tó sún mọ́ èdè ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà tó ti gbó bíi tèmi fi lè gbé e. Wọ́n á fún ọ ní ilẹ̀ àti owó, ìwọ á kọ́ ọgbà ìgbafẹ́ síbẹ̀. Wàá la ọ̀nà, wàá kọ́ ìsọ̀ oúnjẹ, wàá to irin fún ọkọ̀ tí ń pọ́n òkè lọ díẹ̀díẹ̀ tí ń já wálẹ̀ lójijì, èyí tí àwọn ọmọ sọ ní ọkọ̀ wèrè. Àlejò á wọlé, wọ́n á máa náwó. Ebi ń pa wọ́n, òùngbẹ ń gbẹ wọ́n, èébì ń gbé wọn, ìgbọ̀nsẹ̀ sì ń gbọ̀n wọ́n. Bí o bá tẹ ẹnikẹ́ni nínú wọn, wàá rí ohun tó ń rò lọ́kàn. Àwa ẹ̀dá ayé ò lè rí inú ara wa, ṣùgbọ́n nínú eré yìí, kò sí àṣírí.

Ohun tó kó bá mi ni ìwé kíkà. Mo ti kà nípa Alton Towers, ilé ńlá kan ní Staffordshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ilé àwọn ìjòyè Shrewsbury ni. Pugin tó ya àwòrán ilé aago Big Ben wà lára àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìdílé náà ta ilé wọn lọ́dún 1924, àwọn ológun lò ó nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, lẹ́yìn náà ni wọ́n tú ohun tó wà nínú rẹ̀ títí ó fi ku ògiri lásán. Ẹ wò ó, ilé àwókù yìí ni wọ́n wá kọ́ ọgbà ìgbafẹ́ yí ká. Lọ́dún 1980 ni ọkọ̀ wèrè tí wọ́n pè ní Corkscrew bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, ayé sì ń wọ́ lọ síbẹ̀ títí dòní.

Mo ní, ṣé òyìnbó nìkan ló ní ilé ńlá ni? Mo sọ fún àwọn ọmọ pé ààfin Honmè la máa kọ́ sínú eré wa, ààfin àwọn ọba Àjàṣẹ́, ìlú tí ìjọba ń kọ ní Porto-Novo. Ààfin náà ti di mùsíọ́mù. Èyí ẹ̀gbọ́n bi mí pé, "Tọ́ńtọ̀n, ṣé ẹ ti débẹ̀ rí?"

Mo rẹ́rìn-ín. "Ilé wo ni mi ò mọ̀ ní Àjàṣẹ́?"

Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ibí ni mo ti purọ́. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń lọ ra ìnkì àti bébà ní Àjàṣẹ́. Mo mọ ibi tí wọ́n ti ń ta àkàrà gbígbóná, mo mọ ọlọ́kadà sẹ́mìjàn tó ń gbowó jù. Àwọn àjèjì tó ti Faransé wá ń wọ Honmè, èmi ń gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjá pẹ̀lú páálí ìnkì lórí itan. Wọ́n ní àlejò lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Èmi kì í ṣe àlejò, n kò sì ríran.

Bí mo ṣe wá kọ́ ààfin tí n kò rí nìyẹn. Ọba ni, mo ní, kò lè máa gbé ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo fún un ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta. Mo wá ògiri alámọ̀ nínú eré, n kò rí i. Ògiri Róòmù wà níbẹ̀, ti Íjíbítì wà níbẹ̀, àní ti orí pílánẹ́ẹ̀tì Mars wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ti Àjàṣẹ́ ò sí. Mo mú ti Íjíbítì nítorí pé àwọ̀ rẹ̀ jọ amọ̀. Mo la ọ̀nà fún àwọn àlejò láti àgbàlá dé iyàrá ọba. Mo wá gbé irin ọkọ̀ wèrè gba orí òrùlé ààfin kọjá, mo sọ ọ́ ní Kábíyèsí.

Ọgbà ṣí. Àlejò rọ́ wọlé. Mo ń fọwọ́ ra irùngbọ̀n.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ fi yí. Àwọn tó gun Kábíyèsí sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ojú àwọ̀ ewé, wọ́n sì bì sí àgbàlá ọba. Mo gba agbálẹ̀ kan. Ó ń gbá a, wọ́n ń bì í. Mo tẹ ọkùnrin kan láti mọ ohun tó ń rò. Ó ń wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo tẹ obìnrin kan, òun náà ń wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo tẹ èèyàn ogún, ìdí ogún ló ń há. N kò kọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kankan. Ta ló ń ronú ṣáláńgá nígbà tó bá ń kọ́ ààfin? Mo sáré kọ́ ẹyọ kan sí ibi tí ilẹ̀ kù sí, iwájú iyàrá ọba gan-an. Nítorí pé ọmọ ẹnubodè ni mí, mo gba owó lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí òjò dé, mo sọ owó agbòòrùn di ìlọ́po mẹ́ta, wọ́n sì ń rà á. Inú mi dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún tẹ ọkùnrin àkọ́kọ́, ọ̀rọ̀ ọkàn rẹ̀ ti yí: kò rí ọ̀nà tó máa gbà jáde. Gbogbo ọ̀nà tí mo là ló ń yípo ara wọn. Ọkùnrin yìí ti ń rìn yí ààfin ká láti oṣù kẹta inú eré, a sì ti wà nínú oṣù kẹjọ rẹ̀.

Mo gbà pé Kábíyèsí tó gba orí òrùlé ló fa gbogbo wàhálà yìí. Mo rántí Alton Towers. Níbẹ̀, òfin ò gbà kí ọkọ̀ wèrè ga ju orí igi lọ. Nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe èyí tí wọ́n pè ní Nemesis, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1994, ńṣe ni wọ́n fọ́ àpáta tí wọ́n gbẹ́ kòtò, tí ọkọ̀ ń sá nínú ihò. Mo ní, ọgbọ́n rèé! Mo wó Kábíyèsí kúrò lórí òrùlé, mo gbẹ́ kòtò ràgàjì sí àgbàlá. Kòtò náà burẹ́wà. Mo bomi sí i kí ó lè jọ adágún. Mo ta afárá sórí omi kí àlejò lè rékọjá. Afárá náà wọ́. Mo ní kí n yọ ọ́ kí n tún un ta.

Èèyàn mọ́kànlélógún wà lórí rẹ̀.

Ibi tí a ti ń wo òkú ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ti wọlé, ó gbé àkàsà àti ẹja wá fún wa. Ìyá yìí ti ṣe ìyàwó ilé ní Àjàṣẹ́ fún ogójì ọdún kó tó padà wálé. Ó gbé àwo kalẹ̀, ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Kí lẹ̀ ń wò?"

Àwọn ọmọ ní, "Ìyá àgbà, Honmè ni. Tọ́ńtọ̀n ló kọ́ ọ."

Ìyá sún mọ́ ọn. Ó wo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó wo ògiri. "Honmè wo? Ilé pẹrẹsẹ ni Honmè, àgbàlá nínú àgbàlá. Ta ló gbé èyí gorí ara wọn? Ta ló sì ya àwòrán ẹyẹ òkú Íjíbítì yìí sára ògiri ọba?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, ìyá, ògiri tó wà nílẹ̀ nìyẹn."

"Kí ni ilé kékeré iwájú yẹn?"

Mo dákẹ́. Èyí àbúrò bá mi dáhùn: "Ṣáláńgá ni, ìyá àgbà. Owó ni wọ́n fi ń wọ̀ ọ́."

Ìyá pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ojú rẹ̀ wá bọ́ sára ẹnì kan tó wọ awọ ẹranko dúdú òun funfun, tó ń jó láàárín èrò. Panda ni, ọ̀kan lára àwọn tí eré náà ní kí o gbà síṣẹ́ láti dá àlejò lára yá. Ohùn ìyá lọ sílẹ̀. "Eégún wo nìyẹn? Atọ́kùn rẹ̀ dà? Ta ló fún un láyè láti jáde lọ́sàn-án nínú ààfin?"

Mo ṣàlàyé títí, kò yé e. Ó dìde, ó ti ìró rẹ̀ mọ́ ìdí. Ó ní, "Àwọn àgbà ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Èyí tí ìwọ kọ́ yìí, kó tètè jó."

Kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí iná fi lọ. Bátìrì kọ̀ǹpútà mi ti kú tipẹ́. N kò tọ́jú iṣẹ́ náà rárá. Ààfin, ṣáláńgá, eégún àti òkú mọ́kànlélógún, gbogbo wọn wọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọmọ wo ìyá bí ẹni tó ní àṣẹ lẹ́nu. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá ti ní kí wọ́n fọ àwo, kò ní í sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Lọ́jọ́ Túsìdeè, mo kó wọn lọ sí Àjàṣẹ́. Ìtìjú ló lé mi débẹ̀, kì í ṣe ìfẹ́ ìmọ̀. A dé ẹnu ọ̀nà Honmè, a sanwó, amọ̀nà kí wa káàbọ̀, ó bi wá pé kí la kọ́kọ́ fẹ́ rí. Ẹ dárí jì mí. Mo ti mu gàrí tútù kí n tó kúrò nílé, ọ̀nà sì gbọ̀n wá jìgìjìgì. Ohun àkọ́kọ́ tí mo béèrè nínú ààfin Ọba Toffa, ọba tó gorí ìtẹ́ lọ́dún 1874 tó wà níbẹ̀ títí ó fi wàjà lọ́dún 1908, ni ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n jókòó sílẹ̀. Èyí ẹ̀gbọ́n fi ìka tẹ̀ mí léjìká bí a ṣe ń tẹ àlejò inú eré, ó ní, "Mo mọ ohun tí ẹ ń rò."

Ìgbà tí ara wá rọ̀ mí ni mo tó ríran. Òótọ́ ni ìyá sọ. Kò sí àjà kankan. Láti inú àgbàlá kan lo ó ti bọ́ sínú òmíràn, ibi tí ojú àlejò lè dé àti ibi tí kò lè dé. Amọ̀nà ní "mè" tó wà nínú Honmè, "inú" ni lédè Gùn. Mo tún ọ̀rọ̀ yẹn sọ lọ́kàn mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ogún ọdún ni mo fi ń kọjá níta ibi tí "inú" wà nínú orúkọ rẹ̀. Ó fi alunlun hàn wá, ọ̀pá irin gígùn tó ní òrùka tí ń lọ sókè sódò lára rẹ̀, èyí tí wọ́n ń lù sí orin ajogan, orin àwọn obìnrin ààfin fún ìyìn àwọn ọba wọn. Àwọn ọmọ tẹ́tí sí i ju bí wọ́n ṣe tẹ́tí sí mi rí lọ. Nínú gbogbo ọgbà tí mo kọ́, n kò fi ohùn kankan sí i àfi igbe àwọn tó ń já wálẹ̀.

A ti tún eré náà bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ló ń pàṣẹ báyìí, èmi ń tẹ bọ́tìnnì. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ la kọ́kọ́ kọ́, mẹ́rin ni, ọ̀fẹ́ ni, ẹ̀yìnkùlé ló wà. Lẹ́yìn rẹ̀ la la ọ̀nà kan tó tọ́ dé ẹnu géètì. A wá tẹ́ ààfin sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Ọkọ̀ wèrè wà lókèèrè, nínú kòtò, orí rẹ̀ ò yọ sí ọba. Panda ti gbowó iṣẹ́ rẹ̀, ó ti lọ. Ìyá wá wò ó, ó ní ó sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n òun ò rí ibi tí wọ́n ti ń dáná.

Ẹ̀yin náà tí ẹ ń gba iwájú ilé ńlá ìlú yín kọjá lójoojúmọ́, ẹ yà wọlé kí ẹ tó máa ròyìn rẹ̀ fún ọmọdé. Bó bá sì jẹ́ pé gàrí lẹ mu kúrò nílé, ẹ kọ́kọ́ béèrè ibi tí wọ́n ń gbà lọ sẹ́yìnkùlé.