Ẹ Fi Ẹjọ́ Ẹsẹ̀ Yín Sùn Mí

Láti ìgbà tí mo ti ṣèèṣì dárúkọ gétà lójú ewé yìí ni lẹ́tà kò ti jẹ́ kí n rímú mí. Fún ẹni tí kò bá tíì rí i rí: aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó máa ń nà ni, tí àwọn tó ń gun òkè àti àwọn tó ń sáré nínú igbó máa ń wọ̀ sí ọrùn ẹsẹ̀ kó lè bo ẹnu kánfáàsì. Ìkọ́ kékeré kan wà níwájú rẹ̀ tí wọ́n fi ń kọ́ okùn bàtà. Ẹ̀yìn rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ gìgísẹ̀ bàtà pẹ̀lú Velcro, ìyẹn èyí tó máa ń dún “fàáà” bí a bá ṣí i. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí òkúta wẹ́wẹ́, iyanrìn àti èèmọ́ má ráyè wọnú bàtà lọ. Ìyẹn nìkan. Àmọ́ ẹ wo irú ẹjọ́ tí ẹ ti fi dá sílẹ̀.

*Àǹtí wa, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Àgùnbánirọ̀ ni mí, Akúrẹ́ ni mo ti ń sin ilẹ̀ bàbá mi. Mo fẹ́ mú àfẹ́sọ́nà mi gun Òkè Ìdànrè lọ́jọ́ Sátidé, kí a dé ààfin àtijọ́ tó wà lókè, kí n kúnlẹ̀ níbẹ̀, kí n fi òrùka hàn án. Mo ra gétà aláwọ̀ mèremère fún àwa méjèèjì. Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní òun ò lè bá ẹlẹ́sẹ̀ eégún jáde. Kí ni kí n ṣe? — Olólùfẹ́ Tójú Ń Tì*

Ọmọ mi, fọkàn balẹ̀. Obìnrin tó ti fi ẹsẹ̀ rẹ rẹ́rìn-ín kó tó gbà láti fẹ́ ọ kò ní lè sọ lọ́jọ́ iwájú pé o tan òun jẹ. Òun gan-an sì ti sọ òótọ́ kan láìmọ̀. Eégún bo ẹsẹ̀ ẹ̀ dáadáa. Ta ló gbọ́ ọ rí pé òkúta wọ eégún ní bàtà?

Wọ tìrẹ. Ki tirẹ̀ bọ àpò, má sọ nǹkan kan. Àtẹ̀gùn tí ẹ máa kọ́kọ́ gùn lé ní 600. N kò ní sọ iye rẹ̀ gan-an, nítorí bí àwọn kan ṣe ń kà á sí 667 ni àwọn mìíràn ń kà á sí 682, ó sì dà bíi pé ibi tí èémí kálukú ti tán ló ti ń ṣì í kà. Lórí àtẹ̀gùn yẹn, kò sí ohun tí gétà fẹ́ ṣe fún ẹnikẹ́ni. Jẹ́ kó máa fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ lọ. Ìgbà tí àtẹ̀gùn bá tán, tí ẹ bá ń rìn lọ sáàárín ahoro ìlú àtijọ́, níbi tí ààfin Ọwá àti ilé ẹjọ́ ayé ọjọ́un wà, ibẹ̀ ni iyanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tó ń bó lára àpáta ti ń dúró de kánfáàsì. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Á dúró lẹ́ẹ̀kínní, á di èjìká rẹ mú, á gbọn bàtà. Ìwọ máa wo ojú ọ̀run. Á dúró lẹ́ẹ̀kejì. Kí i pé ó kú ìnira. Ìgbà kẹta tó bá bọ́ bàtà, tó ń pòṣé, ìgbà yẹn ni kí o yọ gétà jáde. Bí o bá yọ ọ́ nígbà àkọ́kọ́, ojú aláṣejù ni yóò fi wò ọ́. Nígbà kẹta, ọkọ gidi lo jẹ́.

Ìwọ ni kí o bá a wọ̀ ọ́ o. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè fi ìkọ́ gétà kọ́ okùn bàtà ẹlòmíràn láìkúnlẹ̀. Bí o bá sì ti wà lórí ìkúnlẹ̀, kí lo tún ń wá? Yọ òrùka. Bó bá ní òun ò fẹ́, gba gétà rẹ padà kí ẹ tó máa sọ̀ kalẹ̀, kí òkúta máa bá a sọ̀rọ̀ délé.

Má wulẹ̀ fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ ẹ̀yin méjèèjì sára àpáta kankan. Láti ọdún 2007 ni Òkè Ìdànrè ti wà nínú ìwé tí UNESCO ń kọ orúkọ àwọn ibi tó lè di ogún gbogbo ayé sí. Bó bá kọ̀ ọ́, gbogbo ayé ni yóò kà á.

Kí ẹnì kan má sì kọ̀wé sí mi pé àwọn ará Ìdànrè gbé orí òkè yẹn fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún láìwọ gétà. Mo mọ̀. Àwọn tó ń rìn lẹ́sẹ̀ lásán níbẹ̀ kò ní ohun tí òkúta fẹ́ wọ̀ sínú rẹ̀. Ọjọ́ tí a ra bàtà la ra yàrá àlejò fún iyanrìn.

*Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ gbà mí. Ìyá ọkọ mi ní dandan ni kí gbogbo ìyàwó ilé bá òun lọ sí Òkè Ìdànrè nígbà ọdún Àjíǹde, ká lọ ki ẹsẹ̀ bọ ojú ẹsẹ̀ kan tó wà lára àpáta, tí wọ́n ń pè ní ojú ẹsẹ̀ Àgbòógùn. Wọ́n ní ẹsẹ̀ gbogbo ènìyàn ló ń bá a mu, àfi ti àjẹ́. Ẹsẹ̀ tèmi tóbi, bàtà 43 ni mò ń wọ̀. Mo rò ó pé bí mo bá wọ gétà, n óò lè sọ pé kò rọrùn láti bọ́, kí wọ́n fò mí. Ṣé ó máa ṣiṣẹ́? — Ẹlẹ́sẹ̀ Ńlá, Oǹdó*

Kò ní ṣiṣẹ́, ìyàwó wa. Gétà tó fúyẹ́ kì í pẹ́ bọ́. “Fàáà” kan ṣoṣo, ìyá ọkọ rẹ ti já a, ó ti so ó kọ́ ọrùn bí ẹ̀rí níwájú adájọ́.

Ṣùgbọ́n kí ló ń bà ọ́ lẹ́rù? Ìtàn tí wọ́n ń pa nípa ojú ẹsẹ̀ yẹn ni pé bó ti wù kí ẹsẹ̀ tóbi tó tàbí kó kéré tó, yóò gbà á. Ẹlẹ́sẹ̀ 43 ni wọ́n dìídì gbẹ́ ìtàn náà kalẹ̀ fún. Ohun tí wàá ṣe rèé: bí ẹ bá ti débẹ̀, kí o kúnlẹ̀ kí ìyá dáadáa níwájú gbogbo ẹbí, kí o ní, “Màmá, àgbà ló ń ṣíwájú. Ẹ kọ́kọ́ ki tiyín bọ̀ ọ́, kí àwa ọmọ rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é.” Kí ọmọ rẹ obìnrin gbé fóònù sókè, kó máa ya fídíò. Wàá rí i bí orúnkún ṣe máa bẹ̀rẹ̀ sí í dun ìyá lójijì, tí òjò máa fẹ́ẹ́ rọ̀, tí kálukú á rántí pé ọ̀nà jìn. Bí wọ́n bá sì kì í bọ̀ ọ́ tó bá wọn mu, ó tán nìyẹn, ẹ jọ jẹ́ ènìyàn rere. Gétà rẹ, fi sílẹ̀ sọ́rùn ẹsẹ̀ kejì. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń kì bọ̀ ọ́.

*Ẹ kú ìlú, ẹ̀yin Àǹtí. Ọmọ mi ọkùnrin ti Houston dé. Mo ní kó tẹ̀ lé mi lọ sóko kòkó. Ó wọ kánfáàsì, ó wọ nǹkan tí ẹ ń pè ní gétà lé e, ó ní kò sí ejò tó lè bu òun ṣán. Mo ní kó wọ bàtà òjò, ó ní ayé ti kọjá ìyẹn. — Bàbá Olóko, Aládé Ìdànrè*

Bàbá, ẹ kú oko o, kòkó á sèso. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín fi òyìnbó pa ara rẹ̀. Aṣọ gétà yìí kò nípọn ju ìbọ̀sẹ̀ lọ. Eyín ọ̀ká kò ní mọ̀ pé òun gba inú nǹkan kan kọjá. Gétà tí wọ́n ń ṣe nítorí ejò wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun mìíràn nìyẹn: ó nípọn, ó le, ó ga dé ìsàlẹ̀ orúnkún, ẹni tó bá sì wọ̀ ọ́ sáré yóò ṣubú kí ejò tó débẹ̀. Ní abẹ́ kòkó, níbi tí ewé gbígbẹ ti bo ilẹ̀ tí ọ̀ká àti paramọ́lẹ̀ sì jọ àwọ̀ ewé, bàtà òjò yín ló borí. Ọ̀pá ni kó máa ṣíwájú ẹsẹ̀, ojú ni kó máa ṣíwájú ọwọ́ tó fẹ́ ṣa kòkó. Bí ejò bá wá bu ènìyàn ṣán, kí ẹ má sín gbẹ́rẹ́ sí i, kí ẹ má fi okùn dì í pinpin. Ẹ má jẹ́ kó rìn, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn kíákíá. Ibi yìí nìkan ni n kò ti ṣe yẹ̀yẹ́ lónìí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí yẹ̀yẹ́. Bí ọmọ náà bá ṣì ń ṣagídí, ẹ mú un gba ẹ̀bá ọ̀nà tí abẹ́rẹ́ olóko ti pọ̀. Gétà rẹ̀ yóò kó gbogbo rẹ̀ dé ilé. Ẹ̀yin á sì jókòó sórí àpótí, ẹ̀ẹ́ máa wò ó bó ṣe ń já a ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan títí oúnjẹ alẹ́ fi máa tutù. Ṣùgbọ́n n óò sọ òótọ́ fún un pé abẹ́rẹ́ náà kò wọnú bàtà rẹ̀, ara aṣọ ló dúró sí. Ẹ̀yin ńkọ́, Bàbá? Ẹnu bàtà òjò yín fẹ̀. Ẹ̀ka igi wẹ́wẹ́ àti ìjàlọ ti ń bá yín gbé nínú rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń fa ẹsẹ̀ ṣòkòtò bo ẹnu bàtà, tí ẹ ń fi okùn so ó. Gétà nìyẹn! Àwọn sójà Nàìjíríà tó lọ jagun ní Kamẹrúùnù láàárín 1914 sí 1916 pàápàá wé aṣọ gbọọrọ mọ́ ojúgun. Ẹ sọ fún ọmọ yín pé ohun tó fi dọ́là rà ní Houston, ẹ̀yin ti ń fi okùn ṣe é kí wọ́n tó bí i, kó sì san owó orí ọgbọ́n.

*Aránṣọ ni mí ní Odòde Ìdànrè. Mo rí iye tí wọ́n ń ta gétà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnu yà mí. Ṣé a lè rán an níbí? — Abẹ́rẹ́ Dé*

A lè rán an, kódà ó rọrùn ju bùbá lọ. Wá aṣọ tó ń nà, tó sì ń tètè gbẹ. Lẹ́gíńsì òkìrìkà kan yóò yọ méjì fún ọ. Wọn ọrùn ẹsẹ̀ oníbàárà, wọn ẹnu bàtà rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, gé e kí ìsàlẹ̀ fẹ̀ ju òkè lọ, fi rọ́bà sí òkè, má fún un jù kí ẹsẹ̀ má baà wú. Ìkọ́ ṣòkòtò tó lágbára ni kí o rán síwájú. Ti kọ́mú kò ní dé àárín òkè. Àǹkárá kò ṣeé lò lódindi nítorí kì í nà, ṣùgbọ́n bí o bá fi díẹ̀ ṣe ẹnu rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́, àlejò yóò dù ú rà.

Ohun méjì ni kí o ṣọ́ra fún. Àwọn kan máa ń fi okùn sí i tó gba abẹ́ bàtà kọjá. Àpáta Ìdànrè yóò rin ín já kí ẹni náà tó dé ahoro ìlú, nítorí náà má fi sí i. Èkejì ni Velcro ẹ̀yìn. Bí gọ́ọ̀mù nìkan ló mú un mọ́ bàtà, oòrùn yóò bó o. Mú bàtà náà lọ bá ṣúmékà kó fi okùn gán an yíká. Ẹ má rò pé àbá abúlé ni mò ń dá o. Àwọn tó ń sá eré Marathon des Sables nínú aṣálẹ̀ Mòrókò, eré tó jìn tó nǹkan bíi 250 kìlómítà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1986, ọ̀dọ̀ ṣúmékà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń kó bàtà lọ kí wọ́n tó wọkọ̀ òfuurufú, kí iyanrìn má baà jẹ wọ́n lẹ́sẹ̀ débi tí yóò fi lé ròrò.

Ní ti owó, fi iye kan tà á nísàlẹ̀ òkè. Gbé ìyókù lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́ kó jókòó síbi tí àtẹ̀gùn parí sí, kó máa tà á ní ìlọ́po méjì. Ẹni tó ń mí hẹlẹ hẹlẹ kì í lè nájà. Mo sì fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, bí ọjọ́ àdéhùn bá pé, má sọ fún oníbàárà pé ó ku bọ́tìnnì nìkan. Gétà kò ní bọ́tìnnì.

*Alága ẹgbẹ́ eléré ìdárayá ni mí. A lọ sí Ìdànrè nígbà òjò, mo wọ gétà olówó iyebíye, síbẹ̀ mo yọ̀, mo fi ìdí jókòó níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́. — Ìdí Ń Dùn Mí*

Alága, ẹ pẹ̀lẹ́. Ọrùn ẹsẹ̀ ni gétà wà, abẹ́ bàtà ló yọ̀; ẹ fìyà jẹ aláìṣẹ̀. Kì í dènà omi pẹ̀lú, bí òjò bá rọ̀ ọ́, á tutù, á sì tún gbẹ. Ibi tó bá dúdú tó ń dán lára àpáta nígbà òjò, ẹ yà fún un. Àwọn tó ni ibẹ̀ wà níbẹ̀. Irú ọ̀pọ̀lọ́ kan wà tó jẹ́ pé Òkè Ìdànrè nìkan ni wọ́n ti rí i ní gbogbo ayé, Sclerophrys perreti lorúkọ rẹ̀. Lára àpáta tútù báyìí ni àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń dàgbà. Ní 1963 ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Schiøtz kọ nípa rẹ̀, lẹ́yìn náà ó lé ní 40 ọdún tí àwọn onímọ̀ kò fojú kàn án kó tó di pé wọ́n tún rí i. Ẹgbẹ́ yín ì bá fi í ṣe akápò, bí kò bá jẹ́ pé irú ẹni tó mọ̀ ọ́n fara pamọ́ báyẹn ni kì í dáhùn tí wọ́n bá ń béèrè owó.

*Ṣé mo lè wọ gétà pẹ̀lú sálúbàtà? — Onífàájì, Lọ́ńdọ̀nù*

Rárá. Ibo lẹ fẹ́ fi ìkọ́ kọ́?

*Àǹtí, láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti ti Ìdànrè dé ni kò ti bọ́ gétà. Ó fi ń lọ síbi iṣẹ́, ó fi ń sùn. Òórùn rẹ̀ ti ju ti irú lọ. — Ìyàwó Onígétà, Ilé-Olújì*

Àbúrò mi, ẹ kú ìfaradà. Omi tútù àti ọṣẹ díẹ̀ ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a sábẹ́ ibòòji kí oòrùn má baà ba rọ́bà rẹ̀ jẹ́, ẹ má sì lọ̀ ọ́. Wàhálà ibẹ̀ ni bí ẹ ṣe fẹ́ gbà á lọ́wọ́ olówó orí. Ẹ já abẹ́rẹ́ olóko mẹ́ta lẹ́yìn ilé. Bó bá ti ń han-run, ẹ rọra tì í sínú gétà náà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, méjì lápá òsì, kí ẹ kọjú sí ògiri. Yóò ti bọ́ ọ kí àkùkọ tó kọ. Bí kò bá bọ́ ọ, ẹ tún kọ̀wé sí mi. Mo ní ìmọ̀ràn kan tó ní wèrèpè nínú, ṣùgbọ́n olóòtú ní òun ò ní tẹ̀ ẹ́ jáde.