Ẹ Kú Fáàrí o, Ẹ̀yin Òdòdó Igbó

Oríṣi òdòdó tó wà nínú igbó Great Smoky Mountains, láàárín Tennessee àti North Carolina ní Amẹ́ríkà, lé ní 1,500. Àwọn oníkánjú inú wọn ni mo fẹ́ bá wí. Kí igi tó wọ ewé lásìkò ìrúwé, tí oòrùn ṣì ń rí ilẹ̀ dé, wọ́n á ti tò sẹ́bàá ọ̀nà ẹsẹ̀, aṣọ òyìnbó lọ́rùn. Bí ewé igi bá fi máa bolẹ̀, wọ́n ti so, wọ́n ti wọlẹ̀, ó di àmọ́dún. Ayálégbé tó ń kó jáde kí onílé tó jí gba owó ilé!

Ìwọ Trillium, súnmọ́ bí. Ewé mẹ́ta, àwẹ́ òdòdó mẹ́ta péré. Síbẹ̀, ó tó ọdún méje, ó tún lè jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí o tó tanná àkọ́kọ́. Kí lo ń kùn tí kò tán? O tún fi èèrà ṣe alágbàrù: o fi ọ̀rá bíńtín sára kóró rẹ, èèrà gbé e relé, ó jẹ ọ̀rá, ó da kóró sórí ààtàn. Orí ààtàn yẹn lo ti hù, o wá ń yan fanda. Èyí tó pupa nínú yín ńkọ́? Òórùn ẹran jíjẹrà! Ó ní eṣinṣin lòun ń dọdẹ. Ẹ kú orí ire.

Ògbólógbòó wọn ni Jack-in-the-pulpit, tó dúró lábẹ́ ìbòrí bí ẹni fẹ́ wàásù. Bí kò bá jẹun kánú, akọ ni. Bó bá yó, ó dabo. Bí ebi bá tún dé, ó padà sí akọ. Ẹ̀gbọ́n, tá a bá fẹ́ dá aṣọ ẹbí, ṣé gèlè la ó fún ọ ni àbí fìlà? Kòkòrò tó bá kó sínú akọ ṣì lè gba ihò kékeré ìsàlẹ̀ sá jáde. Tinú abo kò nihò. Ó dìgbéré.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ wò wọ́n, mo rí yín. Láti 1951 lẹ ti ń péjọ sí ìlú Gatlinburg ní Tennessee nítorí òdòdó yìí. Ọ̀pá lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀pá lọ́wọ́ òsì, àgbàlagbà á wá dojúbolẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ìdí rẹ̀ á kọjú sí ọ̀run, ó ń ya fọ́tò ohun tí kò ga ju kókósẹ̀ rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn á rò pé ó dákú ni. Kò sì gbọdọ̀ já ẹyọ kan, òfin ò gbà.

Ọmọ Yorùbá tó wá láti Atlanta náà fi fọ́tò tirẹ̀ ránṣẹ́ sí màmá ẹ̀ lórí WhatsApp. Màmá wò ó títí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, gbúre ni àbí yánrìn?”