Òpùrọ́ Ṣọ́nà

Gbólóhùn "mò ń fò lọ ni" máa ń dùn lẹ́nu púpọ̀. Nígbà tí ìyá ọ̀rẹ́ mi kú ní Àkúrẹ́, ẹgbẹ́ wa pinnu láti jọ wọ bọ́ọ̀sì ní Ọjọ́ta láago 6 àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, kí a lè bá wọn ṣe àìsùn. Mo ní kí wọ́n máa lọ, èmi ń fò lọ ni. Mo ní ọ̀nà ò dáa, mo ní àwọn ajínigbé ò jẹ́ kí ọkàn èèyàn balẹ̀. Òótọ́ ni méjèèjì. Èyí tí mi ò sọ ni pé mo fẹ́ kí wọ́n bá mi ní Àkúrẹ́ níbi tí mo ti wẹ̀, tí mo ti jẹun, tí mo ti ń tayín, kí n wá máa kí wọn pé, "Ẹ kú ewu ọ̀nà o!"

Aago 10 ni bàálù yóò gbéra ní Ìkẹjà. Ìṣẹ́jú 45 péré ni yóò lò lójú òfuurufú. Ṣùgbọ́n wọ́n ní kí èrò tètè dé, Oṣòdì sì wà níbi tó wà, nítorí náà aago 6 lèmi náà kúrò nílé, àkókò kan náà pẹ̀lú àwọn oníbọ́ọ̀sì.

Orúkọ ilé iṣẹ́ bàálù náà ò ṣe pàtàkì. Bí mo bá tilẹ̀ dárúkọ rẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò ní àwọn ni mò ń bá wí, wọn ò sì ní jayò pa.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú 20 kí aago 10 lù, gbohùngbohùn dún. Obìnrin kan sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Ìyá àgbà kan tó tẹ̀pá, tó jókòó tì mí, fọwọ́ kàn mí.

"Ọmọ mi, kí ló ní òpùrọ́ ń ṣe?"

"Wọ́n ní bàálù ò tíì dé ni, mà. Wọ́n ní operational reasons ni."

"Òpùrọ́ ṣọ́nà rísìn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ìyá mi orí. "Wọ́n kúkú sọ òótọ́. Ta ni ká tún máa retí, nígbà tó jẹ́ pé òpùrọ́ ni wọ́n ní kó máa ṣọ́nà?"

Èmi tí mo ti ń ka ìwé ìròyìn láti kékeré, mi ò tíì rí ẹni tó túmọ̀ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ kò sì le. Ilé iṣẹ́ kékeré tó ní bàálù méjì tàbí mẹ́ta, bàálù kan náà ló ń fi ná ìlú mẹ́rin lóòjọ́. Bó bá wúkọ́ ní Àsàbà láàárọ̀, èrò Àkúrẹ́ ni ikọ́ yóò há lọ́fun lọ́sàn-án. Bó bá sì tó àsìkò àyẹ̀wò ńlá, òkè òkun ni wọ́n sábà máa ń gbé e lọ, dọ́là ni wọ́n ń san níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náírà ni èmi àti ìyá san. Mo káàánú wọn díẹ̀. Àánú náà tán ní nǹkan bí aago 12.

Ìlànà NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfuurufú ní Nàìjíríà, sọ pé bí ìdádúró bá ti kọjá wákàtí kan, kí wọ́n fún èrò ní ohun mímu àti ìpanu. Wọ́n fún wa lóòótọ́, ní wákàtí kẹta: omi inú ike kan, bisikíìtì mẹ́ta. Ìyá di tirẹ̀ mọ́ ìṣẹ́tí ìró, ó ní ti àwọn ọmọ-ọmọ òun ni.

Nígbà tí aago 3 kọjá díẹ̀, wọ́n pè wá. ATR 72 ni, onífáànù méjì lápá, tó ń gba nǹkan bí èrò 70. Ọ̀gá kan tó wọ agbádá olówó ńlá ti bá ọmọbìnrin ìdí káńtà jà láàárọ̀ pé iwájú pátápátá lòun ń jókòó. Ẹni kan ìbá ti sọ fún un. Ẹrù ló ń gba iwájú nínú bàálù yẹn, ẹ̀yìn ni ẹnu ọ̀nà èrò wà. Ọ̀gá gba àárín gbogbo wa kọjá, agbádá ń gbá wa lójú níkọ̀ọ̀kan, nígbà tí a sì balẹ̀, òun ló jáde kẹ́yìn.

Ká tó wọlé, ìyá ti rí ọ̀pá irin kan tí wọ́n fi ti ìdí bàálù náà, kó má baà fìdí jókòó nígbà tí èrò bá rọ́ sẹ́yìn. Ó wo ọ̀pá yẹn, ó wo tọwọ́ rẹ̀.

"Òun náà ti ń tẹ̀pá?"

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Kálukú ń ka àdúrà tirẹ̀.

Ní Àkúrẹ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì tó ń tàn yòò sún mọ́ mi tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀. "Ẹ má bínú, Dádì. Ẹrù yín ń bọ̀ lọ́la." Ó ní oòrùn mú, bàálù kì í sì lè gbé ẹrù tó bó ṣe yẹ bí ooru bá pọ̀, ni wọ́n ṣe fi ti àwọn kan sílẹ̀. Òótọ́ ni, mo padà kà á. Ṣùgbọ́n agbádá aṣọ ẹbí mi, fìlà mi, bàtà mi, Ìkẹjà ni gbogbo wọn wà.

Sòkòtò jíǹsì àti ẹ̀wù pólò ni mo wọ dé ibi àìsùn. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí aago 1. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti jẹun, wọ́n ń tayín. Obìnrin kan tó ń pín oúnjẹ wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Dẹ́rẹ́bà, ẹ ti jẹun?" Mo ní rárá. Ó bu ẹran méjì kún un fún mi.

Ọjọ́ Ajé ni ẹrù dé Àkúrẹ́. Mo ti padà sí Èkó, inú bọ́ọ̀sì ẹgbẹ́. Wọ́n pè mí pé kí n wá gbé e. Mo bi wọ́n pé ṣé wọ́n lè bá mi fi ránṣẹ́ nínú bọ́ọ̀sì.