Yúnyun Níwájú Búkà

(Níwájú búkà Ìyá Túndé, ní Sángò-Ọ̀tà. Bàbá Àjàní, ọlọ́sìn ehoro tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ fáktírì, gun kẹ̀kẹ́ dé.)

ÌYÁ TÚNDÉ: Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá Àjàní. Ẹrù ewé lẹ tún dì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́! Ehoro yín kì í yó ni?

BÀBÁ ÀJÀNÍ: Ta ló bá ehoro jà tó ṣẹ́gun? Bu omi tútù fún mi jàre. Kí ló pa àwọn òdòdó inú ìkòkò yìí?

ÌYÁ TÚNDÉ: Oòrùn ni, Bàbá. Tírélà ń da eruku bò wọ́n láàárọ̀, oòrùn ń yan wọ́n lọ́sàn-án. Omi tí mo fi ń rin wọ́n, owó ni. Bí kò bá sí iná, àfi kí n rọ epo sí jẹnẹrétọ̀ kí n tó rí omi fà.

BÀBÁ ÀJÀNÍ: Ohun tó yẹ kí o gbìn ló wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mi yìí.

ÌYÁ TÚNDÉ: Yúnyun? Oúnjẹ ehoro?

BÀBÁ ÀJÀNÍ: Ta ló ń bomi rin èyí tó wà létí ọ̀nà Ìdí-Ìrókò? Ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà níbí ni. Aspilia africana làwọn onímọ̀ ewéko ń pè é. Ẹbí kan náà ni òun àti sunflower. Fọwọ́ pa ewé rẹ̀ wò.

ÌYÁ TÚNDÉ: Háà, ó le bí ewé ìpín tí àwọn agbẹ́gilére fi ń dán Gẹ̀lẹ̀dẹ́!

BÀBÁ ÀJÀNÍ: Irun wẹ́wẹ́ ló bò ó. Ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ gan-an lagbára rẹ̀ wà. Bí ọyẹ́ bá dé, orí rẹ̀ lè gbẹ, wọ́n tilẹ̀ lè kiná bọ pápá. Ìdí ò kú. Kí òjò àkọ́rọ̀ ṣáà rọ̀, yóò tún rú.

ÌYÁ TÚNDÉ: Ṣé òun ló ga ju èèyàn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì yẹn, tí òdòdó rẹ̀ fẹjú?

BÀBÁ ÀJÀNÍ: Rárá o, jogbo nìyẹn. Àjèjì ni, láti Mẹ́síkò àti agbègbè rẹ̀ ló ti wá, ibi tó bá sì rí jókòó sí, ó fẹ́ gbà á tán ni. Òdòdó yúnyun kéré, àwọ̀ ìyeyè ni, oyin sì fẹ́ràn rẹ̀.

ÌYÁ TÚNDÉ: Ìyá mi a máa fún omi rẹ̀ sójú ọgbẹ́ tí àdá bá ṣá wa lóko.

BÀBÁ ÀJÀNÍ: Kí ẹ̀jẹ̀ lè dá ni. Àmọ́ ọgbẹ́ tó bá jìn, ọsibítù ni. Àwọn ìnàkí pàápàá mọ ìwúlò ẹbí rẹ̀. Lọ́dún 1983, àwọn onímọ̀ méjì, Wrangham àti Nishida, kọ̀wé lórí àwọn ìnàkí ilẹ̀ Tanzania tó ń gbé ewé Aspilia mì láìjẹ ẹ́ lẹ́nu.

ÌYÁ TÚNDÉ: Ehoro, ìnàkí! Bàbá, búkà ni mo ní o, n kò ní ọgbà ẹranko. Báwo ni wọ́n ṣe ń gbìn ín?

BÀBÁ ÀJÀNÍ: Dúró de òjò oṣù kẹta sí ìkẹrin. Má fà á tu; ọkọ́ ni kí o fi wú u tìdítìdí pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀. Gé orí rẹ̀ kúrú, gbìn ín síbi tí oòrùn ti ń pa á dáadáa, kí o máa bomi rin ín títí yóò fi mú ilẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, fi í sílẹ̀ fún òjò.

ÌYÁ TÚNDÉ: Ṣé yóò máa tan òdòdó láàárín ẹ̀ẹ̀rùn?

BÀBÁ ÀJÀNÍ: Kò ní pọ̀. O lè rò pé ó ti kú. Má hú u dànù. Gé e kanlẹ̀, kí o ní sùúrù. Òdòdó tó bá sì ti rẹ̀ lára rẹ̀, tètè ká a, kí irúgbìn rẹ̀ má baà fọ́n ká dé ọ̀dọ̀ aládùúgbò.

ÌYÁ TÚNDÉ: Èló ni ẹ óò tà á fún mi?

BÀBÁ ÀJÀNÍ: Ta ló ń ta yúnyun? Ọkọ́ rẹ nìkan ni kí o mú wá. Ṣùgbọ́n má fi falẹ̀. Wọ́n ti mọ odi yí ilẹ̀ tí mo ti ń gé ewé ká. Fáktírì ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Kátápílà kì í mọ òdòdó yàtọ̀ sí koríko. Ẹni tó bá ní àyè níwájú ilé, kó lọ wú ìdí kan kí kátápílà tó débẹ̀.