Ọ̀bẹ Kì í Bi Ìka Léèrè

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ pinnu láti di agbẹ́gi a kọ́kọ́ ra àáké tó wúwo jù ú lọ lọ́jà Mọ́níyà ní Akínyẹlé wa níbí, bẹ́ẹ̀ sì rèé, láti gbẹ́ orógùn ìyá rẹ̀, ọ̀bẹ kékeré kan tí èèkù rẹ̀ kún ọwọ́, tí alágbẹ̀dẹ sì ti pọ́n dáadáa, ti tó o. Nítorí ọ̀bẹ tí kò mú ni í múni fi tipátipá tì í, ibi tó bá sì yọ̀ sí, kì í bi ìka léèrè. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ti ọwọ́ tó di èèkù mú ni wọn kò sọ. Kí ẹni náà fi igi ìrẹ̀ tútù bẹ̀rẹ̀, kí ó fi igi apá sílẹ̀ fún àwọn tí apá wọn ká a, kí ó máa gbẹ́ lọ síwájú, kúrò lára rẹ̀, kí ó má sì gbé igi lé itan bí abiyamọ tó ń fọ́mọ lọ́mú. Àní Làmídì Fákẹ́yẹ, gbajúmọ̀ agbẹ́gi, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, tí wọ́n bí sídìí iṣẹ́ ọnà, ṣì lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Bándélé, ọmọ Àrẹ̀ògún, ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, níparí àwọn ọdún 1940. Àwa ará Akínyẹlé ló rò pé ọ̀sán Sátidé kan tó.