Oríkì Yẹ̀yẹ́ fún Onílẹ̀ Oníyàrà

Onílẹ̀ oníyàrà, a wá kì ọ́ lónìí!
Ọmọ a-gbẹ́-yàrà-yílé-bí-ẹni-ń-retí-ogun;
Ogun ò dé, ọ̀pọ̀lọ́ ló wá tẹ̀dó.
Ará Suffolk, ará Essex,
Ará ilẹ̀ alámọ̀ tí í gbomi dúró.
Láàárín ọdún 1250 sí 1350 ni àṣà rẹ gbòde nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì:
Ọba kọ́ ilé olódi, ojú ń wọ̀ ọ́;
Ìjòyè ńlá kọ́ tirẹ̀, oorun ò kùn ọ́ mọ́;
Apá ò ká odi olókùúta,
O ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò, kí omi kún un.

Aláìlọ́mọ-ogun, ẹja ni ẹ̀ṣọ́ rẹ!
Olè àti màlúù tó já nìkan ni yàrà rẹ ń dá dúró.
Afárá pákó ló wọ ilé rẹ;
Ẹni tó gbé ìṣákọ́lẹ̀ wá á dúró lórí rẹ̀, á ṣí fìlà,
Á bojú wo omi, á rí ilé kan tó di méjì.
Torí ìyẹn gan-an lo ṣe gbẹ́ yàrà.

Ẹlẹgbẹ́ rẹ ní Arden, ní Warwickshire,
Ó ṣán igbó, ó dá ilé sáàárín oko,
Ó jìnnà sí abúlé, ó jìnnà sí ṣọ́ọ̀ṣì.
Òfin Merton ti ọdún 1235 ló gbè yín lẹ́yìn:
Ẹ bù nínú pápá tí gbogbo ayé ń da ẹran,
Ẹ fi ṣe tiyín.
Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí igbó ti di oko nígbà náà,
Kó máa wá ojú yàrà kiri.

Àjàkálẹ̀ àrùn dé ní 1348,
Ó fo yàrà kọjá, kò wá afárá.
Lónìí, nǹkan bí 6,000 irú ojúlé bẹ́ẹ̀ la mọ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.
Ightham Mote ní Kent ṣì dúró tòun ti omi;
Lọ́pọ̀ ibòmíràn, ilé ti wó, koríko ti jọba,
Orúkọ onílẹ̀ ti pòórá.

Ta ló wá tọ́ sí oríkì?
Ẹ̀yin tí ẹ di ṣọ́bìrì onígi mú, èyí tí wọ́n fi irin bọ̀ lẹ́nu,
Tí ẹ wọ inú ẹrẹ̀ títí dé orúnkún,
Tí ẹ ń ru amọ̀ sókè, tí ẹ ń dà á sáàárín,
Kí ilẹ̀ ilé ẹlòmíràn lè ga:
Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá!
Ìwé ò gba orúkọ yín sílẹ̀,
Yàrà ló ń jẹ́rìí yín.
Ẹ̀yin tí ẹ ń fi katakata dí i torí oko,
Ẹ dọ́wọ́ dúró.