Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà Tolstoy

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Wọ́n pa á lówe kí ẹni tí ọ̀nà kan bá dí mọ́ lójú má baà ṣẹ́rí padà sílé. Àwa ayé òde òní ti rí iṣẹ́ mìíràn fún òwe náà: a jókòó sí oríta, à ń ka iye ọ̀nà, ọjà sì ń tú lọ.

Ẹ dán an wò. Ẹ sọ láàárín àwọn ọ̀mọ̀wé ìdí ọtí pé ẹ fẹ́ ka Ogun àti Àlàáfíà, ìwé Leo Tolstoy ará Rọ́ṣíà. Kò sẹ́ni tó máa ní kí ẹ ṣí ojú ewé kìíní. Ọ̀kan á ní Ikú Ivan Ilyich ni kí ẹ kọ́kọ́ kà, torí pé kò gùn. Òmíràn á ní rárá o, Anna Karenina ni. Ẹnìkẹta á kìlọ̀ pé ẹni tí kò bá mọ ìtàn Napoleon tinú-tẹ̀yìn, kó má tilẹ̀ dáwọ́ lé e. Ẹnìkẹrin á bi yín pé ògbufọ̀ wo lẹ mú, ṣé Constance Garnett ni àbí tọkọtaya Maude? Ọjọ́ ti pẹ́ tó ti ń jà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìwé tirẹ̀ ṣì wà nínú ọ̀rá tí wọ́n fi dì í fún un níbi tó ti rà á.

Tolstoy fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ìtàn ẹnì kan tó ń ti ìgbèkùn Siberia bọ̀ wálé ní 1856 ló fẹ́ kọ. Ìyẹn fà á padà sí 1825, ọdún tí àwọn ọ̀gá ọmọ ogun dìtẹ̀ mọ́ ọba. 1825 tún tì í sí 1812, nígbà tí Napoleon wọ Moscow tó sì fi ẹsẹ̀ fẹ. Ojú wá ń tì í láti máa ròyìn ìṣẹ́gun láì mẹ́nu ba ìyà tó ṣáájú rẹ̀, ló bá sọ̀ sí 1805, ní yàrá àlejò obìnrin ọlọ́lá kan ní Petersburg, níbi tí wọ́n ti ń fi èdè Faransé ṣòfófó. Ìwé ogun, òfófó ló fi bẹ̀rẹ̀!

Nígbà tí apá àkọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Russkiy Vestnik ní 1865, ohun tó dé ọwọ́ oníkálùkù ló ń kà. Ní 1866, ìwé ìròyìn kan náà gbé ìtàn Dostoevsky, ti akẹ́kọ̀ọ́ tó fi àáké pa arúgbó tó ń gba ìdógò yáni lówó. Wọ́n ka òun náà mọ́ ọn. Flaubert, òǹkọ̀wé ará Faransé, wá ka ìwé Tolstoy nígbà tó yá, ó ní ìdìpọ̀ méjì àkọ́kọ́ dára ju ẹnu lọ, àmọ́ ẹ̀kẹta wó lulẹ̀, torí Tolstoy ń wí àwítúnwí. Ó tọ́ sí i láti ráhùn. Ó kà á délẹ̀.

Tèmi ni pé kí ẹ gba ibi òfófó wọlé. Ẹ má sì sọ fún mi pé orúkọ àwọn ẹ̀dá ìtàn inú rẹ̀ pọ̀ jù, pé Pierre kan náà ni Pyotr Kirillovich. Ọmọ Yorùbá tó ń jẹ́ Àjàní lẹ́nu ìyá rẹ̀, Samuel ní ṣọ́ọ̀ṣì, Bàbá Bọ́sẹ̀ lẹ́nu ìyàwó, kí ló fẹ́ fi ìyẹn ráhùn sí? Ìparí ìwé nìkan, níbi tí Tolstoy ti pa ìtàn tì tó ń bá àwọn òpìtàn ṣe àríyànjiyàn, ni ẹ lè fò bó bá sú yín. Nígbà yẹn, ẹ ó ti mọ ohun tí ẹ ń fò.